Ohùn Inú Kànga Ayaba

Ọkọ mi ní irọ́ ni pé òun ní obìnrin níta. Kí n lè gbà á gbọ́, ó gbé mi lọ sí Íńdíà, síbi kànga gbígbẹ alátẹ̀gùn kan. Ọba kan ló gbẹ́ ẹ fún ayaba tó ní òun fẹ́ràn jù. Kó tó gbẹ, inú omi rẹ̀ ni ayaba náà kú sí.

Ọkọ mi kígbe sínú kànga: “Ìwọ nìkan ni mo ní, Mojírọ́lá!”

“Irọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Gbohùngbohùn ló gé orúkọ rẹ.”

“Ó dáa, olówó orí mi. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò.”

“Ìwọ nìkan ni mo ní!”

“Irọ́!”

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo jágbe: “Ta ni obìnrin náà?”

Ẹsẹ̀ tó rin gbindingbindin bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bọ̀. Ọkọ mi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èmi sún díẹ̀, kí ayaba lè ríbi jókòó.