Èéfín Wúrà Hirakaji

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì máa ń fi ìyókù sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka eléyìí tán, pàápàá bí ẹ bá ní baálé olóríkunkun nílé.

1.
Ní Patan, ìlú àwọn oníṣẹ́ ère, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hirakaji. Ère ìbọ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi bàbà rọ ère tán, yóò po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, yóò fi kun ère náà, yóò sì yan án lórí iná títí mẹ́kúrì yóò fi bá èéfín lọ, tí yóò ku wúrà tó ń kọ mọ̀nà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ nìyẹn.

Májèlé ni èéfín yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iná wọn lọ sórí òrùlé, wọ́n sì ń bo imú. Hirakaji ní atẹ́gùn òkè ń ba iná òun jẹ́. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ti ń yan tirẹ̀, á tún ti fèrèsé pa kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo ọgbọ́n rẹ̀.

Kesar, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ra ìbòmú wá fún un. Ó fi í kọ́ ìṣó.

"Bàbá Sujata, kí ló wúwo nínú ìbòmú yìí?" Sanunani, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"Bàbá mi ò lò ó rí."

"Bàbá yín náà ni mo fi ṣíbí bọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Ogbó ló fà á."

"Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta?"

Ó lọ ti fèrèsé.

2.
Nígbà tó yá, tíì ń dà sí i láyà. Ó ní ife náà ni kò dáa. Sanunani pààrọ̀ ife. Ó ní òtútù ni, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

3.
Ilé ìsìn kan ní kó ṣe ère òrìṣà Tárà fún pẹpẹ wọn. Wúrà rẹ̀ dán. Ó ku kí ó ya ojú sí i níwájú àlùfáà. Kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan ojú ère rẹ̀ rí.

Búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n, ọ̀dà ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó nù ún. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó bọ́ sí imú.

"Ẹ jẹ́ kí Kesar bá yín ṣe é," Sanunani sọ jẹ́jẹ́.

"Kesar kẹ̀?"

Ó tún gbìyànjú. Àlùfáà gbójú sílẹ̀. Hirakaji fúnra rẹ̀ na búrọ́ọ̀ṣì sí àbúrò rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri títí Kesar fi ya ojú náà tán.

4.
Dókítà ní mẹ́kúrì ti wọ̀ ọ́ lára jinlẹ̀, gbígbọ̀n náà kò ní lọ tán. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn?"

"Èmi ni," Sanunani dáhùn.

"Ibo lẹ ń sùn?"

"Yàrá tó wà lókè ibi iná."

"Mà, ẹ na ọwọ́ yín kí n wò ó."

Ó nà án. Ó ń gbọ̀n. Hirakaji fẹ́ dì í mú kí ó lè dúró, àmọ́ tirẹ̀ gan-an kò dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fín ọ̀dà, ẹ̀yin tí ẹ ń jó irin, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ bátìrì, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá ní kí ẹ bo imú, ẹ bò ó. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má sọ fún wa pé bàbá yín kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ẹ ní ẹ lè fara dà, ẹni tó ń fọ aṣọ yín náà ń fà á símú.