Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Josáyà Jẹ

Yábàá, 1934.

Láti àárọ̀ ni Felísíà ti ń fi èéfín yan ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Bí iná bá fẹ́ sọ, á bu omi wọ́n ọn. Èéfín igi gúrófà nìkan ló ń fẹ́.

Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe èéfín nìkan ló fà á.

Nígbà tí ẹran rọ̀ tán, Rẹ̀mí, àbúrò rẹ̀, bá a fọwọ́ fà á ya ní fọ́nrán-fọ́nrán. Wọ́n po ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́, Josáyà ọkọ rẹ̀ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè wálé. Felísíà ló ní kó pè wọ́n wá jẹun.

Rẹ̀mí kúnlẹ̀, ó gbé àwo síwájú wọn.

Josáyà jẹ ẹ́ títí, ó ń lá ìka.

"Felísíà, oúnjẹ dùn lọ́wọ́ ẹ o! Níbo lo ti rí ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra báyìí?"

"Ẹ bi Rẹ̀mí. Òun ló fà á wá láti ilé Bàbá wa ní Mùṣín."

Ẹran há sí Josáyà lọ́fun.

Rẹ̀mí tẹjú mọ́ ọn. "Bùọ̀dá, ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá ni, pé kí wọ́n fi mí fún yín ṣe aya, kí ẹ̀gbọ́n mi má sì gbọ́."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọwọ́ nínú àwo.

Felísíà bu ẹran kún ti Josáyà.

"Bàbá ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ká dá a padà fún yín.

"Ó yá, ẹ jẹ ẹ́ tán."