Kókó Tó Jókòó Sójú Ọ̀nà

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, kó tó di aago mẹ́jọ, Badrudeen ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tán nílé ìwòsàn ní Ìwó. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alùfáà Sàlàkọ́, bàbá ìyàwó rẹ̀. Láti ìdájí ni Mujeebah, ìyàwó rẹ̀, ti wà nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹbí náà ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Nígbà tí oyún wá dé, ayọ̀ wọn ṣubú lu ayọ̀. Badrudeen fúnra rẹ̀ ló lọ ra aṣọ òtútù ọmọ, funfun báláú.

Dókítà Oyèníkẹ́ jáde, ó mú ìwé lọ́wọ́.

"Kókó inú ilé ọmọ yẹn, iju yẹn, ojú ibi tí a fẹ́ là gan-an ló jókòó sí."

"Ẹ ò kúkú fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn?" Alùfáà bẹ̀bẹ̀.

"À bá fi í sílẹ̀, bàbá. A kì í sábà yọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọmọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè dà jù. Ṣùgbọ́n èyí dí ọ̀nà tí ọmọ máa gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, àwa náà sì ti múra. Ta ni yóò fọwọ́ sí i?"

Badrudeen gba bírò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ló kàn."

Alùfáà rọra fọwọ́ sí ìwé náà bí ọmọ kéú tó ń kọ álífù àkọ́kọ́.

Dókítà wọlé padà. Alùfáà dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ó ń ka tẹ̀sùbáà, iye tó kà ń pòórá mọ́ ọn lórí.

"Bàbá, bí ẹ bá ń rìn báyìí, ẹ ó ti dé ìlú Kuta kí ọmọ tó jáde," Badrudeen dápàárá.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alùfáà. "Kò tíì ṣe ọ́ rí ni, Badru."

Ọmọ ké. Àwọn méjèèjì fò dìde. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ẹnikẹ́ni kò jáde. Badrudeen pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀.

Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì Ràódàt gbé ọmọ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin ni o! Kókó ti jáde, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ara ìyá ọmọ sì le koko. Bàbá ọmọ, ẹ gbà á." Ọ̀dọ̀ Badrudeen ló kọrí sí.

Kí Badrudeen tó la ẹnu, Mujeebah fi eré jáde lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ó gba ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ níwájú Alùfáà Sàlàkọ́, ó ní, "Bàbá mi, ẹ gba ọmọ tí ìyá mi bí fún yín, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Ọlọ́run fún èmi náà ní àbúrò."