Fọ́tò Táyé àti Kẹ́hìndé

Wọ́n ní Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́gi. Ó kú ni, kò sì ní fọ́tò kankan. Ìyá rẹ̀ bẹ Àwẹ̀ró onífọ́tò kó ya Táyé, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí òun lè rí àwọn méjèèjì pọ̀. Àwẹ̀ró yan pépà tó nípọn àti oògùn tó ń mú àwòrán jáde díẹ̀díẹ̀, kí dúdú àti funfun ojú ọmọ nínú fọ́tò má baà le jù.

Nínú yàrá òkùnkùn tí Àwẹ̀ró ti ń fọ fọ́tò náà, nǹkan dún bí igi gbígbẹ tó dá. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín.

"Táyé, jáde níbẹ̀!"

"Ó ti sùn lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba fọ́tò náà jẹ́."

Táyé kọ́kọ́ hàn nínú oògùn, ó lejú bó ṣe lejú nígbà tí Àwẹ̀ró ń yà á lọ́sàn-án. Ìkejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ru ìdì igi lórí.