Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Àdéhùn náà kò lọ́jú pọ̀. Bí ọkọ̀ bá jí lọ́jọ́ Sátidé, Alákòójọ yóò gbé e lọ. Bí kò bá jí, yóò dúró síbi tó wà, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá Bàbá sọ ọ́ mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀. Ó ní irin àtijọ́ kò gbọdọ̀ máa bá bàbá òun du iwájú ilé. Alákòójọ jẹ́ ọkùnrin kan tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Òfin rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kò ní wọ ibẹ̀.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n n ò ní gbé ọkọ̀ onípẹtà síwájú àlejò. Màá tún un ṣe ná."

Ó sì tún un ṣe lóòótọ́. Ó ha ìpẹtà kúrò lára ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó bá ìtẹ́ eku nínú sáílẹ́ńsà, ó sì bá eku náà sọ̀rọ̀ kó tó lé e: "Ilé ti bọ́ lọ́wọ́ ìwọ náà nìyẹn." Ibi kan ṣoṣo tí kò fọwọ́ kàn ni àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Báàgì dúdú ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin obìnrin náà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ kò ti jí.

Kò ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu. Nígbà ayé ìyá náà pàápàá, ọkọ̀ kì í gbọ́ ti Bàbá bó bá dá wọ̀ ọ́. Á múra láti lọ ta ayò dáráfù, á yí kọ́kọ́rọ́ títí, á pòṣé, á padà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ti jókòó tì í, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́ bàtà bó ṣe máa ń ṣe, tó ní, "Ó yá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò," ọkọ̀ á dáhùn. Àwọn kan ní àdúrà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ náà mọ ẹni tó ni ilé.

Mẹkáníìkì dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òun ló ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ yí i, Bàbá."

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́.

"Iná ò dé orí púlọ́ọ̀gì," ni mẹkáníìkì wí.

"Púlọ́ọ̀gì ló bàjẹ́ nìyẹn."

"Ó lè jẹ́ òun, sà." Kò wo ẹ́ńjìnì. Àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló ń wò. "Bàbá, ṣé kí n jókòó síbí yẹn díẹ̀? Ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Àpótí wà lábẹ́ igi."

Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò jí. Bàbá ní bóyá kọ́ìlì ni. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó ní kí wọ́n tú kabúrétọ̀, wọ́n tú u, wọ́n fi epo wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun. Bàbá ló ń dá àbá, mẹkáníìkì sì ń gbà á bí ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn kíkorò.

"Ó lè jẹ́ wáyà, sà," ló wí nígbà tó yá.

"Wáyà ibo?"

Mẹkáníìkì wo báàgì náà. "Ibikíbi, sà."

"Ibikíbi ti pọ̀ jù fún ọ̀sẹ̀ kan."

Bàbá kò fi ọkọ̀ sílẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa.

"Olè pọ̀ láyé ìsinsìnyí," ló wí.

"Èmi nìkan ló wà níbí, Bàbá."

"Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Alákòójọ dé pẹ̀lú ọmọbìnrin náà. Ó fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

"Ibẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń jókòó sí," ni Bàbá wí.

Alákòójọ yọ ọwọ́ bí ẹni tí iná jó. Ọmọbìnrin náà wolẹ̀.

Bàbá jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́. Ó yí i títí òógùn fi bo orí mẹkáníìkì.

"Ẹ̀yin ọ̀gá," ni ọmọbìnrin náà wí fún un, "kí lẹ wá ń ṣe láti ọjọ́ Mọ́ńdè?"

Mẹkáníìkì nu òógùn orí rẹ̀. "Àǹtí," ló wí, "ẹni tó bá ṣèlérí fún ẹni tó ti kú, ta ni yóò tú u sílẹ̀?"

Wọ́n rò pé ó ṣèlérí láti tún ọkọ̀ náà ṣe ni. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

Alákòójọ gbọn ọwọ́ méjèèjì. "Arẹwà ọkọ̀ ni. Ó kàn ti kú ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

"Bàbá mi, n ò ní yẹ àdéhùn," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ó di tiyín." Ó kúnlẹ̀, ó dágbére. Mẹkáníìkì kó sípáánà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí gbogbo wọn ti yà ní ìkóríta, Bàbá rọra gbé báàgì náà lé itan, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga ìyàwó rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré tó ń gé iná púlọ́ọ̀gì, èyí tí obìnrin náà ní kí mẹkáníìkì dọ́gbọ́n fi síbẹ̀ lọ́dún tí dáráfù fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí Bàbá alára sì ti rí ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n fi í síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ jí, ó sì ní, "Ó yá, ìyá, níbo la ń lọ?"