Ilé Tí Ẹ̀ga Fi Orin Kọ́

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó bá Ẹ̀ga níbẹ̀, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Òjò èṣí ti wó ìtẹ́ ìyá Ẹ̀ga, orí ẹ̀ka lásán ni ìyá ń sùn. Ó dun ọmọ yìí dọ́kàn. Ní àárọ̀ kan, ó kó àwọn ẹyẹ jọ, ó dá orin:

Màá kọ́lé fún yèyé mi,
*Jẹ́lẹ́ńkẹ́.*
Kójò tó dé, ilé á dé,
*Jẹ́lẹ́ńkẹ́.*

Àwọn ẹyẹ gbè é. Àdàbà kí i kú oríire, Odídẹrẹ́ ní ilé á tura. Ẹ̀ga gbọ́ kíkí wọn yó, bí ẹni pé ó ti kọ́lé náà tán. Lójoojúmọ́ ló ń dá orin, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kí i, kò sì já imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, òjò ṣú. Àyà Ẹ̀ga já. Ó fò lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì bá a nínú ìtẹ́ tuntun.

"Yèyé, ta ló kọ́ ìtẹ́ yìí?"

"Àwa méjèèjì ni, ọkọ mi. Bí o bá ti ń kọrin, èmi a máa hun imọ̀. Orin rẹ ni kò jẹ́ kó rẹ̀ mí. Wọlé, òjò ń bọ̀."

Ẹ̀ga wọlé. Ní òru, ó rí i pé omi ń gba ihò kan lára ìtẹ́ náà kán sí ìyá lẹ́yìn.

Nígbà tí òjò dá, àwọn ẹyẹ ní kó dá orin. Ó fò kọjá lára wọn, ó lọ já imọ̀ tí yóò fi dí ihò náà. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí tí mo fi padà wálé: imọ̀ lẹ́nu ọmọ, orin lẹ́nu ìyá.