Tọ́bò Tí Zulhelmi So Mọ́ Ọkọ̀

Ìwàǹwára ni àrùn Zulhelmi. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun sílẹ̀ lójú títì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò lè sáré púpọ̀. Nínú oṣù Ààwẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Keong, mẹkáníìkì wọn ní ìlú Kuala Lumpur tí wọ́n ń gbé, pé kó so tọ́bò mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára.

Keong mi orí. "Ọmọ mi, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tọ́bò kì í dá wá. Písítìnì tó nípọn nínú ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, rédíétọ̀ ńlá ń bọ̀, bíréèkì ń bọ̀. Tá a bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, owó ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọkọ̀ míì."

"Ọ̀gá, ẹ ti darúgbó ni. Ẹ so tọ́bò nìkan, ìyókù á wá tó bá yá."

Keong kọ̀. "Kì í ṣe lọ́wọ́ tèmi."

Zulhelmi gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù lọ. Wọ́n so ó fún un. Ó ń ya gbogbo ayé sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún Ìtúnu ku ọ̀la, ìyá rẹ̀, Saodah, pè é. Nílẹ̀ wọn, láàárọ̀ ọdún, ọmọ a máa fẹnu ko ọwọ́ òbí, a sì tọrọ àforíjì. Èṣí, Saodah bá ìyá tirẹ̀ tó ń gbé ní Kelantan lọ́nà jíjìn jà, kò sì lọ kí i.

"Zul, ara ìyá mi ò yá. Jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Màmá, kó tó kúrò ní garéjì, a ti ń jẹ ketupat, ìrẹsì ọdún, ní Kelantan!"

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbéra. Lórí òkè, bó ṣe ń lé ọkọ̀ ńlá kan láti yà á sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, èéfín funfun bo ojú wọn, ọ́ìlì sì dà sílẹ̀. Písítìnì ti lu, agbára tọ́bò ti pọ̀ jù fún un. Gbogbo mẹkáníìkì ti lọ sílé ọdún. Àwọn bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ ń kọjá lára wọn. Saodah jókòó létí títì, ó gbé agolo àkàrà òyìnbó tó ṣe fún ìyá rẹ̀ sórí itan.

Ọkọ̀ tó wá wọ́ ọkọ̀ wọn ló gbé wọn dé ilé ìyá àgbà lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún. Ìyá àgbà ti kú lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀. Wọ́n ti sin ín. Ó bèèrè Saodah títí ó fi dákẹ́.

Saodah ò sunkún. Ó gbé agolo náà sílẹ̀, ó fọwọ́, ó jókòó. Zulhelmi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́." Ògiri ló ń wò. "Tèmi ni mi ò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀."

Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde. Ọdọọdún ni Zulhelmi ń kúnlẹ̀, ọdọọdún ni ìyá rẹ̀ ń dá a lóhùn kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó ra ohun kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò tẹ̀lé e wálé. Ẹ má fipá wá agbára tí kò sí nínú nǹkan. Bí ẹ bá sì mú ẹlòmíràn dání, ẹ rántí pé ìrìn-àjò tirẹ̀ náà wà lọ́wọ́ yín. Ọlọ́run a máa dárí jini, àmọ́ òwúrọ̀ tó bá ti lọ, kì í padà wá.